“Mọ́ lára”, “fara mọ́”, “di bárakú”: èwo ni ká kọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn?

Àyọ̀ká béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe. Ìwé ìléwọ́ kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí kí ẹni tí etí rẹ̀ ti wúwo lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ló dá mi dúró. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ohùn yóò dún bí àjèjì létí, àmọ́ tó bá yá, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ óò fara mọ́ ẹ̀rọ náà láìpẹ́.” Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kà á, ó ní rárá, pé “Ẹ̀rọ náà yóò mọ́ yín lára láìpẹ́” ló yẹ kí n kọ. Ẹlòmíràn ní kí n kọ “Lílo ẹ̀rọ náà yóò di bárakú fún yín”. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò dùn létí mi rárá, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n wí ìdí rẹ̀, ẹnu mi ò gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an? Ṣé bó ṣe wu oníkálukú ló ń lò ó ni, àbí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ dénú? Ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ àwọn tí yóò ka ìwé yìí jẹ́ àgbàlagbà tó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ wọn ketekete. Bí gbólóhùn wa bá dẹ́rù bà wọ́n, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà máa wà, wọ́n á sì padà sí ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ti wá.

Olùkọ́ Àgbà fèsì:

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò dáadáa, torí lójoojúmọ́ ni mò ń ka ìwé tí wọ́n ti lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Kọ́kọ́ wo ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú gbólóhùn. Bí mo bá ní “Òtútù ti mọ́ mi lára”, òtútù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Òtútù ló ṣe é, èmi ló ṣe é sí. Mi ò pinnu, mi ò gbà, mi ò kọ̀. Ó ń wá, ó ń wá, títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi. “Mọ́” yìí la ń bá pàdé nínú “lẹ̀ mọ́”, “dì mọ́”, “so mọ́”, “kó mọ́ra”. Ti aṣọ tó mọ́ tónítóní yàtọ̀ sí i pátápátá. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í pàṣẹ. Mi ò tíì gbọ́ òbí tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé “Jẹ́ kó mọ́ ọ lára kíákíá!” kí ó sì rò pé ọmọ náà lè ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni “Ṣe sùúrù, á mọ́ ọ lára.” Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Tún wo bó ṣe gba ìgbà mọ́ra: “kò tíì mọ́ mi lára”, “ó ti ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀”, “ó ti mọ́ mi lára”. Èyí àárín yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀nà ṣì wà níwájú, ó sì jẹ́rìí pé a ti kúrò níbi tí a wà.

“Fara mọ́” wá ńkọ́? “Mọ́” kan náà ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń fi ara rẹ̀ mọ́ nǹkan. O mọ̀ pé o ń ṣe é, o sì lè kọ̀. Nígbà tí mo bá ní “Mo fara mọ́ ìmọ̀ràn yín”, mo gbà á nìyẹn. Nígbà tí a bá ní “Ó fara mọ́ ìyà náà”, ó gbà láti máa jẹ ẹ́ ni, àmọ́ ìyà náà kò dẹ́kun àtimáa dùn ún. Ènìyàn lè fara mọ́ nǹkan fún ogún ọdún kí nǹkan náà má sì mọ́ ọn lára lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ó fara mọ́ ọn nítorí owó oṣù, síbẹ̀ bí aago mẹ́ta òru bá ti lù, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa wálẹ̀, á máa ka ìlà kan náà ní àkàtúnkà. Iṣẹ́ òru kò mọ́ ọn lára. Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì ń dùn mí jù: ọmọ tí wọ́n ń bú láti kékeré, èébú lè mọ́ ọn lára débi pé kì í bojú wẹ̀yìn mọ́ bí wọ́n bá bú u. Bi í léèrè bóyá ó fara mọ́ ọn, o óò rí ohun tí yóò sọ.

Nítorí náà, àgbàlagbà tó bá ka “Ẹ óò fara mọ́ ẹ̀rọ náà”, ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹ̀rọ yìí kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn láé, pé kó ṣáà gbà fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní kí o kọ “mọ́ yín lára” ló tọ̀nà.

“Bárakú” ò yẹ níbẹ̀ rárá, ohun tí etí rẹ sọ fún ọ tọ̀nà. Bá ara kú: ohun tó wọnú ara tó jẹ́ pé òun àti ara ni wọ́n á jọ kú. Sìgá, ọtí, tẹ́tẹ́, irọ́ pípa. Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé kíkà ti di bárakú fún àwọn, mo sì mọ̀ pé ohun rere ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni “ó ti di ẹ̀wù sí i lọ́rùn” àti “ó ti jingíri sínú rẹ̀”. Ọwọ́ ènìyàn kò sí nínú wọn mọ́, ohun náà ló di ènìyàn mú. “Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a”: irú ohun bẹ́ẹ̀ ni òwe yẹn ń bá wí.

Ó ku ọ̀kan tí o kò dárúkọ, òun sì ni mo rò pé ìwé rẹ nílò jù lọ: “fi kọ́ra”. Ẹni tó ń fi kùtùkùtù jíjí kọ́ra, ẹni tó ń fi ẹ̀rín kọ́ra, ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé tó sì ń fi í kọ́ra lẹ́yìn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Iṣẹ́ ènìyàn ni fi kọ́ra. Bó bá ṣe é tó, mọ́ lára ló máa ń kẹ́yìn rẹ̀. A lè pàṣẹ pẹ̀lú rẹ̀, a lè gbani níyànjú pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mo máa kọ ni: “Ẹ máa fi lílo ẹ̀rọ náà kọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ yín lára.”

Nọ́ọ̀sì Etí fèsì:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú etí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ohun tí ojú mi ń rí kún un, kí Àyọ̀ká lè mọ ohun tó yẹ kó mọ́ni lára àti ohun tí kò gbọdọ̀ mọ́ni lára.

Etí kì í sábà di lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ gan-an ló mọ́ ènìyàn lára. Ọpọlọ á ti gbàgbé àwọn ohùn wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sí i, gbogbo wọn á ya dé lẹ́ẹ̀kan náà: bébà tí a ń ṣí, omi tó ń kán nínú agbada ìfọwọ́, bàtà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nílẹ̀. Màmá kan ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó dákẹ́ lójijì, ó ń wo ẹ̀yìn. Ó ní kí ló ń ha nǹkan níbẹ̀ yẹn? Apá aṣọ rẹ̀ ni, tó ń ra àga bó ṣe ń mira. Ó gbé apá náà sókè, ó tún fi ra àga, ó ṣe é bẹ́ẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń tẹ́tí sí i.

Ohùn ara wọn ló máa ń bí wọn nínú jù. Ó ń dún bí ẹni tó sorí bọnú ìkòkò tó wá ń sọ̀rọ̀, torí pé ohun tí a fi dí ihò etí kò jẹ́ kí ohùn tó ń ti inú orí wá rọ́nà jáde. Ìyẹn máa ń mọ́ni lára, bó bá sì pọ̀ jù, a lè tún ẹ̀rọ náà ṣe. A máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, fún wákàtí kan sí méjì lóòjọ́, pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bó bá yá, kí wọ́n fi wákàtí kún un, kí ènìyàn pọ̀ sí i. Ibi tí èrò pọ̀ sí ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń gbà fún àwọn kan, oṣù mélòó kan fún àwọn mìíràn.

Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí “yóò mọ́ yín lára” dá dúró láìsí gbólóhùn tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn àgbà wa mọ sùúrù ṣe. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ó máa mọ́ wọn lára, wọ́n á fi egbò sínú etí, wọ́n á sì máa dúró dè é kó mọ́ wọn lára. Ìrora kò sí lára ohun tí à ń dúró dè. Bí ibi kan bá pupa tàbí tó bó, ẹ̀rọ náà kò bá etí náà mu ni, kí wọ́n gbé e padà wá. Bó bá ń súfèé láìdá, ó sábà máa ń jẹ́ pé kò jókòó dáadáa, ohùn tó ń jáde ń rí àyè yọ síta, ẹ̀rọ sì tún ń gbé e wọlé. Ìyẹn náà, kí wọ́n wá.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú ìwé ìléwọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ “mọ́ lára” kí n má sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ aláriwo máa ń sọ fún mi pé “Nọ́ọ̀sì, ariwo yẹn ti mọ́ mi lára, kì í yọ mí lẹ́nu mọ́.” Àyà mi máa ń já ni. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ń lò jù ni 85 decibel (decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bó bá fi 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì: 88 jẹ́ wákàtí 4. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní irun wínníwínní lórí, àwọn ló ń sọ ìró di ohun tí ọpọlọ lè kà. Ariwo ń pa wọ́n, èyí tó bá sì kú lára ènìyàn kì í hù padà. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní ariwo ti mọ́ òun lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò gbọ́ ìdajì rẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara ilé rẹ̀, kó mú un lọ yẹ etí wò.

Apòògùn fèsì:

Ẹ kú àlàyé. Lọ́dọ̀ tiwa náà, gbólóhùn “Oògùn yìí ti mọ́ mi lára” ń kó wa sí wàhálà. Ó lè túmọ̀ sí pé oògùn náà kò ràn án mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń fẹ́ kí a fi kún un. Ó tún lè túmọ̀ sí pé bí kò bá lò ó fún ọjọ́ kan, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò ó. Ó sì tún lè jẹ́ pé ìnira tó ń fà lákọ̀ọ́kọ́, bí òòyì tàbí èébì, ti lọ, èyí tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n, ohun tí a ó sì ṣe sí wọn kò jọra. Èmi máa ń béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, “Báwo ló ṣe mọ́ yín lára, mà? Kí ni ẹ rí?” Àwọn oògùn ìrora líle bíi morphine, ẹni tó lò ó pẹ́ bí dókítà ṣe ní kó lò ó, ara rẹ̀ lè máa béèrè fún un láìjẹ́ pé ó ti di bárakú fún un. Bárakú ni ìgbà tó ń wá a kiri lójú méjèèjì, tó ń bá ayé rẹ̀ jẹ́, tí kò sì lè jáwọ́. Mo ti rí aláìsàn tó kọ oògùn tó yẹ kó lò nítorí pé ẹnì kan pe kí ara máa béèrè fún oògùn ní bárakú. Ìrora jẹ ẹ́ níyà láìnídìí.

Ọmọ Báyọ́ fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ pé mọ́ lára kò dúró de ìgbà tí ènìyàn gbà, ó bá ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè mu.

Ìgbín òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní Aplysia. Eric Kandel, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi í ṣe ìwádìí nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ara rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì tóbi tó láti rí. Bí nǹkan bá rọra kan ọ̀pá tó fi ń tú omi jáde, kíá ló máa fa ẹ̀yà ara tó fi ń mí wọlé. Bí wọ́n bá ń kàn án léraléra tí aburú kankan kò sì tẹ̀ lé e, bó ṣe ń fà á wọlé á máa rẹlẹ̀ sí i. Wọ́n rí ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀: kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára ń tú sí iṣan tó ń mú ẹran ara fà ń dín kù. Bí wọ́n bá wá fi iná mànàmáná ta á nírù, yóò tún máa yára fà á bíi ti àkọ́kọ́. Kandel wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2000.

Ìgbín yẹn kò fara mọ́ nǹkan kan, kò sì fi í kọ́ra. Ó kàn mọ́ ọn lára ni.

Àyọ̀ká fèsì:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí báyìí:

“Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn yóò dún bí àjèjì létí yín, pàápàá ohùn ara yín. Ẹ máa fi lílo ẹ̀rọ náà kọ́ra díẹ̀díẹ̀, nínú yàrá tó dákẹ́, títí yóò fi mọ́ yín lára. Ìrora kò yẹ kó mọ́ni lára: bí ẹ̀rọ náà bá ń dùn yín, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì padà wá sọ́dọ̀ wa.”

Ìbéèrè kan ló kù, Bàbá. Wọ́n fẹ́ fi gbólóhùn méjì nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláìsàn àti àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì ní àwọn máa yọ gbogbo àmì ohùn kúrò. Ṣé kò ní ba nǹkan kan jẹ́?

Olùkọ́ Àgbà fèsì:

Ìwé náà ti dára. Gbólóhùn Nọ́ọ̀sì tí o fi kẹ́yìn yẹn, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrò.

Ti àmì ohùn, ó máa bà á jẹ́. Ọmọ Báyọ́ ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa nígbà tó kọ “iṣan ìmọ̀lára”. “Mọ̀” olóhùn ìsàlẹ̀ nìyẹn: mọ̀ lára, kí ara gbọ́ nǹkan. “Mo mọ̀ ọ́n lára” ni pé mo gbọ́ ọ nínú ara mi. “Ó mọ́ ọn lára” sì ni pé kò jẹ́ tuntun sí i mọ́. Ọ̀kan, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ; èkejì, ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́. Bí wọ́n bá yọ àmì kúrò nínú “yóò mọ́ wọn lára” àti “yóò mọ̀ wọ́n lára”, lẹ́tà kan náà ló máa kù: yoo mo won lara. Ọmọ tó ń kà á fún ìyá rẹ̀ lè sọ pé, “Màmá, wọ́n ní ẹ máa mọ̀ ọ́n lára o,” ìyá á sì di etí rẹ̀ mú.

Kíyè sí ohùn arọ́pò orúkọ náà, torí àwọn tó ń kọ àmì gan-an ń ṣì í kọ. Lẹ́yìn “mọ́” olóhùn òkè, ohùn àárín ni “ọn” àti “wọn” ń gbé: mọ́ ọn, mọ́ wọn. Lẹ́yìn “mọ̀”, ohùn òkè ni: mọ̀ ọ́n, mọ̀ wọ́n. “Yín” kì í yí padà ní tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lò ń bá sọ̀rọ̀, “mọ́ ọ lára” ni, láìsí “n”. Bí o bá fi “n” sí i, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lò ń sọ.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ pé àmì kò ní wọ orí fóònù, má lo “mọ́ lára” níbẹ̀ rárá. Kọ “To ba ya, ohun re ko ni sajeji si yin mo”. Dúró ná, “ohun” yẹn náà á dà bí “nǹkan”. Kọ ọ́ báyìí: “To ba ya, ero igboran naa ko ni sajeji si yin mo. Bi o ba n dun yin, e pada wa.” Kí o tó fi ránṣẹ́, fún ẹnì kan tí kò rí ìwé náà rí, kó kà á sókè sí ọ létí.